Nígbà tí Àìgbọràn Ọmọ Bá Kọjá Ti Ọmọdé: Ohun tí Ó Yẹ kí Òbí Mọ̀ nípa ODD

Ẹ fi ojú inú wo ilé kan ní Wuye, ní ìlú Àbújá, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu géètì. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, èkejì wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti sọ pé òun kò ní wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó pariwo mọ́ ọn, ọmọ náà sì pariwo padà. Ìyá fa bẹ́líìtì yọ, ó nà án lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ju ìbọ̀sẹ̀ lu ògiri, ó ní òun kò lọ sí ilé ìwé mọ́ láéláé. Fèrè kẹta dún. Ìyá, tí ó gbọ́dọ̀ wọlé sí ibi iṣẹ́ kí agogo mẹ́jọ tó lù, kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ náà fún un, ó sì fi bisikíìtì lé e lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́. Aládùúgbò tí ó ń wò wọ́n láti orí àtẹ̀gùn mi orí, ó ní: "Ẹgba ọmọ yìí ni kò tíì tó."

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, ṣùgbọ́n òbí púpọ̀ yóò dá a mọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ilé tí kò ti rí i rí. Ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta a máa yí gbiri nílẹ̀, ọmọ tí ó ń bàlágà a máa bá òbí jiyàn. Ara ìdàgbàsókè ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ohun tí ó ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilé kò sì ní ìsinmi mọ́, àwọn dókítà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Oppositional Defiant Disorder ni, ODD ní ìkékúrú. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní àìlera àtakò àti àìgbọràn.

Àwọn àmì tí dókítà ń wò

Ọdún 1980 ni ìwé atọ́nà tí à ń pè ní DSM, tí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Ọpọlọ ti Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde, kọ́kọ́ fi ìṣòro yìí sínú àkójọ àwọn àìsàn ọmọdé. Ọdún 1987 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní in nínú àkójọ tirẹ̀, ICD-11, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Kì í ṣe pé ọmọ olóríkunkun kò sí láyé kí ọdún 1980 tó dé. Ohun tí ó yí padà ni pé àwọn onímọ̀ rí i pé àtakò àwọn ọmọ kan ní ìlànà tí a lè dá mọ̀, pé ó ń ba ayé wọn jẹ́, àti pé ó ní ìtọ́jú.

Àmì mẹ́jọ ni DSM kà sílẹ̀, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ti ìbínú: inú ọmọ náà tètè ń ru, ọ̀rọ̀ kékeré ń dùn ún, ó sì ń di kùnrùngbùn sínú. Èkejì ni ti àtakò: ó ń bá àgbàlagbà jiyàn, ó ń kọ àṣẹ lójúkojú, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ tọ́ ẹlòmíràn níjà, bí òun fúnra rẹ̀ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹlòmíràn ni yóò di ẹ̀bi rù. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀mí ìgbẹ̀san, tí ó ti hàn lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́fà.

Kí dókítà tó sọ pé ODD ni, mẹ́rin nínú àwọn àmì mẹ́jọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n gbọ́dọ̀ hàn sí ẹnì kan, ó kéré tán, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ náà, nítorí ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò nìkan kò tó. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọjọ́. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sókè, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó ń ni ọmọ náà tàbí àwọn tí ó yí i ká lára, tàbí tí ó ń dí ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri àgbáyé, iye àwọn ọmọ tí ó ní i bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan títí dé mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹní pín in dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sábà máa ń yọjú kí ọmọ tó wọ ilé ìwé tàbí ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì pọ̀ díẹ̀ lára àwọn ọmọkùnrin ju obìnrin lọ kí wọ́n tó bàlágà.

Ohun kan a máa ya àwọn òbí lẹ́nu: ọmọ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ilé nìkan ni ó ti ń ṣe é. Ní ilé ìwé, olùkọ́ rẹ̀ yóò máa yìn ín. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìyá ń purọ́ mọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé ọmọ ń fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Irú èyí ni àwọn dókítà ń pè ní èyí tí ó fúyẹ́. Èyí tí ó bá hàn ní ilé, ní ilé ìwé, àti láàárín ẹgbẹ́ ni ó le jù.

Ìwọ̀sí kọ́ ni gbogbo rẹ̀

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń ka èyí ní èdè Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwọ̀sí ni dókítà ń pè ní àìlera. Ìwé DSM fúnra rẹ̀ ní kí a wo ọjọ́ orí ọmọ àti àṣà àwùjọ rẹ̀ kí a tó dájọ́.

Wuye, tí ó wà lẹ́bàá Utako àti Wuse, jẹ́ àdúgbò tí ọmọ Yorùbá, Igbo, Hausa, Tiv àti Gbagyi jọ ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nígbà tí ìyá àgbà bá ti Ìkìrun tàbí Ìjẹ̀bú dé láti wá kí wọn, tí ọmọ sì wí pé "O ti dé?" dípò "Ẹ ti dé?", tí kò kúnlẹ̀, tí ó wo ìyá àgbà lójú tààrà, tí ó sì dáhùn "No" nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ó fẹ́ jẹ ẹ̀kọ, ìyá àgbà lè gbà pé ọmọ náà ti bàjẹ́. Ọmọ náà kò tako ẹnikẹ́ni. Èdè ọ̀wọ̀ ni wọn kò tíì kọ́ ọ. Ọmọ tí ó ní ODD yàtọ̀: ó mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ó ṣe, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì kọ̀.

Bí àtakò ṣe ń gbilẹ̀

Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Gerald Patterson, tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wo bí òbí àti ọmọ ṣe ń bá ara wọn lò nínú ilé. Ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé kan ní ọdún 1982. Ohun tí ó rí ni a lè fi ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣàlàyé.

Ní òwúrọ̀ yẹn, ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan: bí mo bá dúró ṣinṣin, tí mo pariwo tó, wọn yóò wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi, wọn yóò sì fún mi ní bisikíìtì. Ìyá náà kọ́ ẹ̀kọ́ kan: bí mo bá gbà fún un, ariwo yóò dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tí ó gbèrò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń kọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀bẹ̀. Ibi tí ó ti ṣẹ́gun lánàá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi sùúrù. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì ń ná ọjà tí ẹnì kankan kò fẹ́ dín owó: lójoojúmọ́ ni iye ń gun òkè. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́fà, kò sí ohun tí a lè sọ nínú ilé náà ní ohùn jẹ́jẹ́ tí yóò wọ ẹnikẹ́ni létí.

Apá kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè hàn. Bí ìjà ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ń fara pamọ́. Òbí tí ó ti rẹ̀ kò ní fẹ́ fi ọwọ́ kan ohun tí ó wà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́: bí ọmọ bá jókòó tí ó ń ṣeré jẹ́ẹ́, wọn yóò rọra kọjá lẹ́bàá rẹ̀, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ náà bá ṣe rere kò sí ẹni tí ó rí i. Ìgbà tí ó bá da ilé rú ni gbogbo ojú ń wà lára rẹ̀. Yorùbá ní ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bá ọmọ wí, tòsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Nínú ilé tí ODD ti wọ̀, ọwọ́ òsì ni ó máa ń kọ́kọ́ rọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kí ó sì sọ pé ìyá ni ó fà á. A bí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú ara gbígbóná: láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́wọ́ ni ẹkún wọn ti le, tí oorun wọn kò sì gún. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àjogúnbá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè dàgbà lábẹ́ òrùlé kan náà, kí ọ̀kan má gbọ́ràn kí èkejì sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwà tí a bí mọ́ ọmọ kò ṣeé yí padà kíákíá. Bí àgbàlagbà ṣe ń dá a lóhùn ni ó ṣeé yí. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ODD fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí.

Ẹgba ńkọ́?

Aládùúgbò orí àtẹ̀gùn kò dá wà nínú èrò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó máa ń sọ pé ẹgba ni ó sọ àwọn di ènìyàn. Ní ọdún 2016, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún jọ, lórí àwọn ọmọ tí iye wọn lé ní 160,000. Wọ́n rí i pé nínà kò mú kí ọmọ gbọ́ràn sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń nà jù ni ìwà ìjà àti ìdààmú ọkàn pọ̀ lára wọn jù. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ó le ni wọ́n máa ń nà jù, nítorí náà kò rọrùn láti mọ èyí tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ó ní ODD, ọ̀ràn náà ṣe kedere nínú àlàyé Patterson: ẹgba jẹ́ ìgbésẹ̀ kan nínú ìjà náà, kì í ṣe òpin rẹ̀. Ọmọ tí ẹgba kò bá dá dúró yóò ti mọ̀ pé kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ òbí òun mọ́, àfi kí wọ́n nà án sí i títí wọn yóò fi ṣe é léṣe.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ó múlẹ̀ ní Àbújá, dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìpalára ara àti ti ọkàn. Ọmọ tí ẹgba ti fi ojú àpá sí lára kò sí nínú ìbáwí mọ́.

Ohun tí ó lè fara pamọ́ sí ẹ̀yìn àìgbọràn

Kí a tó pe ọmọ ní aláìgbọràn, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Kì í ṣe àwàdà ni. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún léraléra lè má gbọ́ àṣẹ tí wọ́n pa láti yàrá kejì. Ọmọ tí kò sùn tó, ọmọ tí foníkú foladìde ń dà láàmú, ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tàbí tí ìdílé rẹ̀ sá fún ogun: gbogbo wọn lè di oníbìínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ kàn ní ọ̀nà àìtọ́, tí kò sì rí ẹni sọ fún. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyá ni ara rẹ̀ kò yá: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú un, kò sì ní agbára láti dúró lórí ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ. Bí a bá tọ́jú ìyá, ara ọmọ náà a máa balẹ̀.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láti bá ODD rìn ni ADHD, àìlera tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Adewuya àti Famuyiwa ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 1,112 ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2007. Ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ni ó ní ADHD. Nínú àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ní ODD pẹ̀lú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kọ àṣẹ. Ó ti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ni. Bí wọ́n bá nà án nítorí rẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, yóò wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ ní tòótọ́.

Iṣẹ́ tí òbí ní láti ṣe

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù fún ODD ni ẹ̀kọ́ fún òbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà dá a lábàá nínú ètò rẹ̀ tí ń jẹ́ mhGAP. Sheila Eyberg àti Carolyn Webster-Stratton wà lára àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ òbí ní irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà sì jọra.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, òbí yóò jókòó ti ọmọ, yóò sì jẹ́ kí ọmọ darí eré: ayò, bọ́ọ̀lù, àwòrán yíyà, àlọ́. Kò ní pàṣẹ, kò ní béèrè bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kò ní tún eré náà ṣe fún un. Àkókò yìí kì í ṣe èrè. Bí ọmọ bá tilẹ̀ da ilé rú lọ́jọ́ náà, wọn yóò ṣe é. Lẹ́yìn èyí, òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ níbi tí ó ti ń ṣe rere, yóò sì dárúkọ ohun náà: "O gbé abọ́ rẹ lọ sí kíṣíìnì láìjẹ́ pé mo sọ fún ọ, inú mi dùn." Yorùbá ní ohun èlò kan fún èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní, oríkì. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ìgbà ìbínú nìkan ni ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yóò gbọ́ "Àkànní" tàbí "Àyìnkẹ́" gẹ́gẹ́ bí ohun mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta irú èyí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ tó kàn. Níhìn-ín, èdè wa fúnra rẹ̀ a máa dí wa lọ́wọ́. Òbí Yorùbá tí inú ń bí kì í sábà pàṣẹ, ìbéèrè ni ó ń bi ọmọ: "Ṣé o ò ní wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni?" "Ṣé wọ́n ní kí o máa bú mi ni?" Ọmọ tí ó fẹ́ràn iyàn yóò dáhùn ìbéèrè náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìhàlẹ̀ tí kò lè ṣẹ: "Màá pa ọ́ lónìí!" Ọmọ mọ̀ dájú pé wọn kò ní pa òun, nítorí náà ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òbí kì í ṣẹ. Àṣẹ tí ó dára kúrú, ẹyọ kan ṣoṣo ni, a sì ń sọ ọ́ láti ìtòsí pẹ̀lú ohùn tí ó wà nílẹ̀: "Wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ." Kí òbí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láìsọ ohun mìíràn. Bí ó bá wọ̀ ọ́, kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kí a kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ sì ṣẹlẹ̀.

Ohun náà gbọ́dọ̀ kéré, kí ó sì ṣeé ṣe lónìí: kò ní wo tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Fún ọmọ kékeré, ó lè jẹ́ ìjókòó jẹ́ẹ́ lórí àga fún ìṣẹ́jú tí kò ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún. A kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ dù ú, a kò gbọ́dọ̀ ti i mọ́ yàrá òkùnkùn. Àwọn ìwà kéékèèké tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, bíi kíkùn àti yíyínmú, kí òbí ṣe bí ẹni pé òun kò rí wọn. Èyí le ju bí ó ti dùn ún kà lọ, nítorí pé a tọ́ wa dàgbà pé yíyínmú sí àgbà kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń padà sẹ́yìn nìyí. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ dáwọ́ gbígbà fún ọmọ dúró, ìwà rẹ̀ kì í dára sí i lójú ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń burú sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ tí ariwo ìṣẹ́jú márùn-ún ti máa ń ràn lọ́wọ́ yóò gbìyànjú ti ogún ìṣẹ́jú. Òbí á ní ọ̀nà àwọn dókítà kò ṣiṣẹ́, á sì fún un ní bisikíìtì. Ohun tí ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ogún ìṣẹ́jú ni iye tuntun. Ẹni tí ó bá mọ̀ ṣáájú pé ọjọ́ líle wọ̀nyí ń bọ̀ ni yóò lè la wọ́n kọjá.

Gbogbo àgbà inú ilé ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ìyá bá ní kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí ìyá àgbà sì rọra tàn án nígbà tí ìyá lọ sí ọjà Wuye, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Bàbá tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, tí ó ń wálé lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn àti àánú, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò ní àṣẹ kankan lórí ọmọ ọ̀gá rẹ̀, àwọn náà wà nínú ètò yìí. Olùkọ́ kíláàsì pẹ̀lú wúlò púpọ̀: ìwé pélébé kan tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nínú báàgì ọmọ, tí olùkọ́ ń kọ ohun rere kan tàbí méjì sí lójoojúmọ́, a máa ṣe ju lẹ́tà ìfìyàjẹni mẹ́wàá lọ.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti dán irú nǹkan wọ̀nyí wò. Ní ọdún 2011, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́; Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ni ó ṣe aṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2016, Abdulmalik àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn tí ìwà ìjà pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ronú ọ̀nà àbáyọ kí a tó fi ìbínú dáhùn, àwọn olùkọ́ sì jẹ́rìí pé ìwà ìjà wọn dín kù. Ní ọdún kan náà, Bello-Mojeed àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìròyìn bí wọ́n ṣe kọ́ ogún ìyá, tí àwọn ọmọ wọn ní àìlera autism, láti máa bójú tó ìwà ìjà ọmọ wọn, ó sì so èso rere. Ìwádìí kékeré ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ìyá ní Nàìjíríà lè kọ́ ọgbọ́n yìí ní àkókò díẹ̀.

Oògùn, ilé àdúrà, àti ilé àtúnṣe

Kò sí oògùn tí a ṣe fún ODD fúnra rẹ̀. Bí ADHD bá wà pẹ̀lú rẹ̀, dókítà lè kọ oògùn fún ìyẹn, àtakò náà a sì máa dín kù. Bí ìwà ipá bá le kọjá agbára, dókítà ọpọlọ lè lo oògùn mìíràn fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ àbójútó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra Valium tàbí Piriton ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láti fi mú ọmọ sùn. Oorun kọ́ ni ìgbọràn, oògùn oorun sì lè dí èémí ọmọ lọ́wọ́.

Ìdílé kan lè gbàdúrà fún ọmọ wọn. Dókítà kankan kò ní bá wọn jà. Ewu wà níbi tí wọ́n bá ti sọ pé ẹmẹ̀rẹ̀ ni, tàbí pé àǹjọ̀nú ń bẹ lára rẹ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti lé e jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí iye wọn lé ní 300 jáde nínú ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, tí ìrìn àjò rẹ̀ sí Àbújá kò ju wákàtí mélòó kan lọ. Wọ́n de púpọ̀ nínú wọn ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn ìdílé kan ni wọ́n fúnra wọn mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti àtúnṣe ìwà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àjọ Human Rights Watch sọ pé òun ti bẹ ibùdó 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní agbègbè olú ìlú: ilé ìwòsàn, ilé àtúnṣe àwọn mùsùlùmí, ilé ìjọsìn onígbàgbọ́ àti ilé oníṣègùn ìbílẹ̀. Wọ́n rí àgbà àti ọmọdé tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó wọ irú ibẹ̀ pẹ̀lú àìgbọràn lè jáde pẹ̀lú ìpalára tí kò ní kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ibi tí a lè lọ

Láti Wuye, National Hospital tí ó wà ní àárín gbùngbùn ìlú kò jìnnà. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada. Ní ilẹ̀ Yorùbá, UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba, tí ó ní ibùdó àwọn ọmọdé ní Oṣòdì, ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ fún ọmọdé kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà dókítà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó sún mọ́ni ni ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò yẹ etí wò, tí yóò béèrè nípa oorun, tí yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó darí ọmọ náà sí. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe àwọn aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú orúkọ yẹn dí yín lọ́nà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ra ìwé àjákọ kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìjà bá ṣẹlẹ̀: ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tí àgbà ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ kọ aago sí i. Dókítà yóò rí ohun púpọ̀ nínú ojú ewé mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ju ohun tí wákàtí kan ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lè fi hàn án. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, bí ó bá ń dá ẹran lóró, bí ó bá ń tanná ran nǹkan, tàbí tí ó gbé ọ̀bẹ sí ènìyàn, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.